Mẹ́tàdínlógún sí Àádọ́ta

Òjò Hull kì í dá, ó kàn máa ń sinmi ni.
Mo ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ilé àwọn arúgbó,
ojú mi wúwo bí aṣọ tí wọn ò fún omi rẹ̀ dànù,
ọgọ́fà pọ́n-ùn nínú àpò kóòtù,
ẹyọ owó mélòó kan ń bá kọ́kọ́rọ́ ilé jà.

Lámídì ti sọ tirẹ̀ lóru, bí a ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì:
"Bí o bá máa rà á, ra èyí tó dára jù,
èyí tí yóò fa ẹyẹ orí òpó wá síwájú imú rẹ."
Ó dùn ún sọ lẹ́nu àpọ́n.
Lẹ́ǹsì Lámídì, owó ilé oṣù kan ààbọ̀ ni.

Ọ̀gbẹ́ni Thirkell ló ni ṣọ́ọ̀bù,
àgbà kúkurú, súwẹ́tà rẹ̀ ti lu nígùnpá.
Ó tẹ́ aṣọ dúdú sórí gíláàsì, ó to mẹ́ta síwájú mi.

Èkíní gùn. Mo yí i,
ó na ọrùn bí ahun tó gbóòórùn oúnjẹ.
Mo fi wo ìta: ìyá kan dúró ní ibùdókọ̀,
mo rí bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, mo rí ibi tí ọ̀kan ti já.
Ó wù mí. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù mí.
Ṣùgbọ́n mo yí padà sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ṣú mọ́ ọn lójú.
Bẹ́ẹ̀ Oṣù Kejìlá la wà,
agogo mẹ́ta ààbọ̀, ilẹ̀ ti ṣú ní ìlú yìí.

Èkejì fúyẹ́ bí ike ọṣẹ, ogójì pọ́n-ùn péré.
Mo fọwọ́ kàn án,
ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Kí lo máa ń yà?" ni baba náà bi mí.
Kí ni mo máa ń yà?
N kì í ya kìnnìún. N kì í lọ pápá bọ́ọ̀lù.
Mo ń ya Fadérera bó ti ń yọ èèpo búrẹ́dì sọ sílẹ̀.
Mo ń ya ìyá rẹ̀ nídìí fèrèsé, tó ń ka lẹ́tà àwọn onígáàsì.
Yàrá wa ò ju ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án lọ;
kí àwọn méjèèjì tó lè wọnú fọ́tò,
ẹ̀yìn mi á ti lẹ̀ mọ́ ògiri.

Kò fèsì. Ó ti ẹ̀kẹta sọ́dọ̀ mi.
Mẹ́tàdínlógún sí àádọ́ta:
ó lè la ojú gbàgà bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn,
ó lè ṣẹ́jú díẹ̀, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Ara rẹ̀ ti họ. Eruku bíńtín kan há sínú rẹ̀.
Bó bá ń wá ohun tó fẹ́ wò,
á máa kùn bí arúgbó tó ń wá sálúbàtà.
Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn, ó ríran.
"Ọgọ́fà," ni baba wí.
Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Owó bọ́ọ̀sì ló ṣẹ́kù.

Lálẹ́, mo ya Fadérera lórí bẹ́ẹ̀dì,
ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, èkejì létí bí fóònù.
Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìkìrun.
Mo ń retí kó ní, ojú rẹ̀ jọ tèmi.

Ohùn rẹ̀ wọlé kí n tó sùn:
"Ọmọ dára. Ọlọ́run yóò wò ó.
Kí ni dúdú tó wà lára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀ yẹn?"

Mo tún fọ́tò náà wò.
Lẹ́ǹsì ọgọ́fà pọ́n-ùn ò gbàgbé nǹkan kan:
ọ̀rinrin igun yàrá, bó ti ń gun òkè,
ibi tí mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún padà wá.
Mo ní òjìji kọ́tìnnì ni, Màámi.

Láti ìgbà náà, bó bá jẹ́ ti Ìkìrun,
mo máa ń yí i dé àádọ́ta, ojú ọmọ nìkan.
Bó bá jẹ́ ti onílé,
mo máa ń ṣí i dé mẹ́tàdínlógún.